Ìwé Hàbíbàt Nínú Báàgì Wàsílátù

Tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òpùrọ́ ni Wàsílátù Adéòjó, ẹ ní kí onítọ̀hún wá bá mi. Ẹ ní Ìyá Fìyìn ló ń pè é. Mo bá obìnrin yẹn ṣiṣẹ́ fún ọdún méje nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ìdí-Àgbọn. Òun ló ni kíláàsì karùn-ún, èmi ni mo ni ìkẹta, ògiri kan ṣoṣo ló pín wa níyà, kò sì sí ohun tó máa sọ tí mi ò ní gbọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo mọ̀ ọ́n mọ irọ́. Ẹ̀ẹ̀kan náà, òun nìkan kọ́ ló pa á. Gbogbo wa la jọ pa á, ó sì dùn lẹ́nu wa. Àmọ́ òun nìkan ló fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn lọ jẹ́wọ́, ìdí sì nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́ fún yín.

Ìdí-Àgbọn ò jìnnà sí Agbowa. Tẹ́ ẹ bá ń ti Ìkòròdú lọ sí Ẹ̀pẹ́, ẹ ó bọ́ sílẹ̀ ní Ìtòíkin, ẹ ó gun ọ̀kadà, ẹ ó la oko ẹ̀gẹ́ kọjá títí ẹ ó fi máa gbóòórùn ẹja yíyan. Ibi tí òórùn yẹn bá ti le jù, ibẹ̀ ni. Bí òjò bá rọ̀, ọlọ́kadà á ní kẹ́ ẹ sọ̀ kalẹ̀ kẹ́ ẹ máa fẹsẹ̀ rìn, á sì tún gba owó ẹ̀ pé. Tíṣà tí wọ́n bá gbé síbẹ̀, kó tó sọ ẹrù kalẹ̀ ni yóò ti máa wá ẹni tó máa bá a bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbé e padà sígboro. Èmi náà bẹ̀bẹ̀. Wọn ò dá mi lóhùn ni.

Wàsílátù ò bẹ ẹnì kankan. Ọmọ Èbúté Ìkòròdú ni, bàbá ẹ̀ fi ọkọ̀ ojú omi kó yanrìn tà títí tó fi kú. Ìkòròdú náà ló ń gbé, láti ibẹ̀ ló ti ń jáde láàárọ̀ kùtùkùtù wá sọ́dọ̀ wa, fún ọdún mọ́kànlá gbáko. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó ga, ó máa ń rìn bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ já sílẹ̀. Ó ní báàgì aláwọ kan tí kì í kúrò léjìká ẹ̀. Okùn báàgì náà ti já tipẹ́, pínnì ló fi dè é. Ìwé àwọn ọmọ, ṣọ́ọ̀kì, bisikíìtì, abẹ́rẹ́ òun òwú tó fi ń rán bọ́tìnnì tó bá já lára wọn, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ máa ń ṣàwàdà pé bí ẹnì kan bá sọnù nínú wọn, inú báàgì Anti ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò.

Ohun kan wà tó ń dun obìnrin yìí. Lọ́dún 2004, ó kó ọmọ mẹ́ta lọ síbi ìdíje kan ní Ẹ̀pẹ́. Àwọn ọmọ náà gba gbogbo ìṣirò, kò sí èyí tó bọ́. Ó wá kan ìbéèrè kan pé kí ni wọ́n máa fi ń kọ lẹ́tà sínú kọ̀ǹpútà. Ọmọ wa nawọ́, ojú ẹ̀ ń dán, ó ní, "Pẹ́ńsù, sà." Háà! Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Àwọn kan ń pariwo "ará oko" láti ẹ̀yìn. Wàsílátù sọ fún mi pé orí itan òun lọmọ náà sunkún sí láti Ẹ̀pẹ́ títí dé Ìtòíkin. Ó ní, "Ìyá Fìyìn, ẹnikẹ́ni ò tún ní fi ọmọ mi ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́ láyé mi." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára, ẹ jọ̀ọ́ ẹ rántí ẹ̀.

Lóṣù kejì ọdún 2006, lẹ́tà kan dé. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ayọ̀midọ̀tun ló kọ ọ́, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni. Ó ní òun ń ṣe ìwádìí lórí bí àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìgboro àti ti ìgbèríko ṣe ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì, pé òun ti yan ilé-ìwé mẹ́jọ ní Ìkòròdú àti mẹ́rin lápá ọ̀dọ̀ wa, àwa sì wà níbẹ̀. Gbogbo ìyẹn ò jọ wá lójú. Ìsàlẹ̀ lẹ́tà lọ̀rọ̀ wà. Ó ní àwọn èèyàn wa kan tó wà lókè òkun ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n fẹ́ fi kọ̀ǹpútà márùn-ún, jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ tó ń fa íńtánẹ́ẹ̀tì ta ilé-ìwé kan lọ́rẹ, àti pé ohun tí ìwádìí náà bá fi hàn ni wọ́n máa fi mọ ilé-ìwé tí wọ́n máa gbé e fún.

Hẹ́dímásítà wa, Ọ̀gbẹ́ni Tìrìmísíyù, ka lẹ́tà náà sí wa létí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó bọ́ awò ojú ẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀.

"Ṣé ẹ gbọ́? Kọ̀ǹpútà márùn-ún. Ìdánwò rèé o. Ilé-ìwé tó bá gbapò kìn-ín-ní ló ni ín."

Kò sẹ́ni tó ṣiyèméjì. Ẹ má bú wa. Tíṣà ni wá. Láti ìgbà tí a ti wà lẹ́nu iṣẹ́, ọmọ tó bá gbapò kìn-ín-ní là ń fún lẹ́bùn. Ta ló ti rí i rí kí wọ́n pe ọmọ tó gbẹ̀yìn jáde níwájú òbí, kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, kí wọ́n fún un ní ìwé àti bírò?

Yàtọ̀ síyẹn, a ti mọ bí wọ́n ṣe ń gba àlejò. Ilé-ìwé mẹ́rin ló wà ní agbègbè wa, àpótí òògùn kan ṣoṣo la jọ ní. Funfun ni wọ́n kùn ún, wọ́n fi ọ̀dà pupa ya àgbélébùú sí i lára. Tí àwọn alábẹ̀wò bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹ ó lọ yá a. Bí wọ́n bá ti ń jáde níbẹ̀, ọlọ́kadà á gba ọ̀nà ẹ̀yìn gbé àpótí ṣáájú wọn dé ilé-ìwé tó kàn. Lọ́dún kan, alábẹ̀wò kan tẹjú mọ́ ọn títí, ó ní, "Ó dà bíi pé mo mọ àpótí yìí." Ọ̀gbẹ́ni Tìrìmísíyù ní, "Káfíńtà kan náà ló ń ṣe wọ́n, sà." A ò kà á sí irọ́ rárá. Bí ìgbà téèyàn gbálẹ̀ nítorí àlejò la kà á sí. A gbàgbé pé ẹ̀wù àgbàbọ̀ kì í yẹni. Bí kò fúnni lápá, á fúnni lẹ́sẹ̀.

Kíláàsì karùn-ún ni lẹ́tà náà ní òun fẹ́ bi ní ìbéèrè, Wàsílátù sì ní kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ fún òun. Lẹ́yìn iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ó wọ káfé kan ní Ìkòròdú lọ, ó jókòó sáàárín àwọn géńdé tí wọ́n ń tẹ kọ̀ǹpútà, wọ́n ń wò ó bí ẹni tó ṣìnà. Kò tiẹ̀ wojú wọn. Ó béèrè tibí, ó béèrè tọ̀hún, ó ń kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé. Ó lọ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ó wá ya kọ̀ǹpútà sójú pátákó, ó ya ibi títẹ̀ ẹ̀ sórí káádíbọọ̀dù, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan láàyè ẹ̀, àwọn ọmọ ń fi ìka tẹ páálí. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ gidi lobìnrin yìí ń ṣe? Ohun tó kọ́ wọn, òótọ́ ni. Ibi tó ní kí wọ́n sọ pé àwọn ti kọ́ ọ nìkan ni irọ́ wà.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ògiri.

"Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́sẹ̀?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta!"

"Níbo?"

"Ní káfé, ní Ìkòròdú!"

Àwọn ọmọ kíláàsì tèmi pàápàá ti há a sórí. Mo bi ọ̀kan pé kí ni mẹ́ta lọ́nà ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ó ní, "Ní káfé, mà."

Ọmọ kan ṣoṣo ló ń da orin rú. Hàbíbàt lorúkọ ẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó kéré lára, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ kò kéré. Bàbá ẹ̀, Ṣàmsúdéènì, ló ń wa ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì, ìyá ẹ̀, Àsíátù, ló ń yan ẹja tó ń lọ tà lọ́jà Ẹ̀pẹ́. Mo gbọ́ ọ tó dìde.

"Anti, ẹ jọ̀ọ́ mà, mi ò dé Ìkòròdú rí."

"O ti débẹ̀ báyìí. Jókòó."

Ó jókòó. Kò pẹ́, ó tún dìde. "Mà, tí wọ́n bá ní kí n júwe ọ̀nà ńkọ́?"

Ẹ̀rín pa mí, ṣọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ mi. Wàsílátù ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Hàbíbàt, ṣé o fẹ́ kí kọ̀ǹpútà wá síbí àbí o ò fẹ́?"

"Mo fẹ́ mà. Mo fẹ́ gan-an ni."

"Kọ ohun tí mo kọ́ ẹ nígbà náà."

Ọjọ́ pé, Ayọ̀midọ̀tun dé lórí ọ̀kadà, eruku ti sọ irun ẹ̀ di pupa. Ọmọlúàbí ọmọ, ó kúnlẹ̀ kí wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi àti Ọ̀gbẹ́ni Tìrìmísíyù dúró lójú fèrèsé, Wàsílátù wà nínú kíláàsì láti bá a túmọ̀ ìbéèrè fáwọn ọmọ. Kí Ayọ̀midọ̀tun tó pín ìwé, ó dúró níwájú wọn, ó ní, "Kò sí pé ẹnì kan yege tàbí kùnà nínú èyí o. Ohun tó bá jẹ́ òótọ́ ni kẹ́ ẹ kọ." Àwọn ọmọ wojú Wàsílátù. Wàsílátù rẹ́rìn-ín músẹ́ sí wọn. Ta ló máa gba irú ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́? Gbogbo ẹni tó ń ṣèdánwò fúnni ló máa ń ní kọ́kàn èèyàn balẹ̀.

Ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló kọ ọ́. Nígbà tí wọ́n parí, Wàsílátù ń gbà á lọ́wọ́ wọn láti ìlà dé ìlà, ó ń fojú wò ó bó ṣe ń gbà á. Nígbà tó kan Hàbíbàt, mo rí i pé ó dúró. Ó kà á. Ó wo ọmọ náà, ọmọ náà wò ó. Ó wá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ká ìwé náà sí mẹ́rin, ó tì í bọnú báàgì aláwọ, ó sì ń bá ìkójọ lọ.

Ayọ̀midọ̀tun kà wọ́n. "Ọgbọ̀n ni, mà. Ẹ ní mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n."

"Ara ọ̀kan ò yá, kò wá lónìí," ni Wàsílátù wí.

Hàbíbàt jókòó síwájú ẹ̀ níbẹ̀. Ó gbọ́ ọ. Ó wolẹ̀.

Ayọ̀midọ̀tun kì í ṣe òmùgọ̀. Ó yẹ ìwé mélòó kan wò, ó jáde wá bá Ọ̀gbẹ́ni Tìrìmísíyù. "Sà, gbogbo wọn ni wọ́n ń lọ Ìkòròdú lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀?" Ẹ wá gbọ́ irọ́ alágbàlagbà. Ọ̀gbẹ́ni Tìrìmísíyù ní ṣé kò rí omi ni, pé ojoojúmọ́ ni ọkọ̀ ń ti ibí lọ sí Èbúté Ìkòròdú, pé àwọn ọmọ ń bá bàbá wọn lọ. Ó tilẹ̀ kọ ọ́ sórí ìwé, ó buwọ́ lù ú, ó sì lu òǹtẹ̀ ilé-ìwé sí i. Bí òǹtẹ̀ bá ti wà lára ìwé, kí lẹnìkan tún fẹ́ sọ? Ọmọbìnrin náà gbà á, ó dúpẹ́, ó lọ.

Lẹ́yìn tó lọ, mo ní kí Wàsílátù jẹ́ kí n rí ìwé yẹn. Ó fi hàn mí. Ṣé o ti lo íńtánẹ́ẹ̀tì rí? Hàbíbàt kọ "Rárá." Ẹ̀ẹ̀melòó? "Rárá." Níbo? Ó fi àyè ẹ̀ sílẹ̀. Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn ní kí ni wọ́n fẹ́ máa fi í ṣe. Òyìnbó ti tán nínú ọmọ náà níbẹ̀, Yorùbá ló fi kọ ọ́. "Mo fẹ́ bi í pé kí ni wọ́n ń lò sí ojú tí èéfín bà jẹ́. Ìyá mi kò lè ti òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́."

Wàsílátù ní, "Ìyá Fìyìn, ṣé mo ṣe dáadáa?"

Mo ní, "Ẹ ṣe dáadáa. Ẹyọ kan ṣoṣo ni ì bá ba ọgbọ̀n jẹ́." Ẹnu mi yìí náà ló sọ ọ́. Mi ò ní parọ́ fún yín.

A bẹ̀rẹ̀ sí í retí. Ọ̀gbẹ́ni Tìrìmísíyù ní kí wọ́n kó àwọn àga fífọ́ kúrò nínú yàrá ẹ̀yìn, kí wọ́n fi ẹfun kùn ún. Àwọn baálé ilé Ìdí-Àgbọn kó pákó wá, káfíńtà kan tẹ́bù márùn-ún, kò gba kọ́bọ̀. Ìyá Hàbíbàt rán aṣọ tí wọ́n máa fi bò wọ́n, ọmọ ẹ̀ ló ń bá a ti òwú bọ abẹ́rẹ́. Gbogbo òwúrọ̀ làwọn ọmọ ń nu tẹ́bù márààrún, tí kò sí ohunkóhun lórí wọn.

Lóṣù karùn-ún, Ayọ̀midọ̀tun padà dé. A pé jọ sí ọ́fíìsì, àwọn ọmọ kún ojú fèrèsé.

Ó ní, "Ẹ kú oríire o. Nínú ilé-ìwé méjìlá, ẹ̀yin lẹ lo íńtánẹ́ẹ̀tì jù. Ọgbọ̀n nínú ọgbọ̀n."

A pàtẹ́wọ́. Ọ̀gbẹ́ni Tìrìmísíyù dìde, ó ń tún fìlà ẹ̀ ṣe. Àwọn ọmọ ń fò sókè lẹ́yìn fèrèsé.

Ayọ̀midọ̀tun ní, "Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ náà fi ní kí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà lọ síbi tí àwọn ọmọ ò ti rí i lò."

Yéè! Ẹ ò tíì rí ibi tí pàtẹ́wọ́ ti gbẹ mọ́ èèyàn lọ́wọ́ rí. Ọ̀gbẹ́ni Tìrìmísíyù ṣì wà lórí ìdúró, ọwọ́ ẹ̀ wà lára fìlà. Ó bi í pé ilé-ìwé wo ni. Ọmọbìnrin náà ní ọ̀kan ní Ìkòròdú ni, pé nínú ogójì ọmọ, mẹ́jọ péré ló ní àwọn ti lò ó rí, bẹ́ẹ̀ àwọn káfé kún ìtòsí wọn. Ó ní, "Lójú tèmi, mo ti rò pé apá ọ̀dọ̀ yín níbí ló máa bọ́ sí. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ gbapò kìn-ín-ní, àwọn mẹ́ta yòókù tó wà nítòsí yín ló sì gba èkejì, ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ẹkún sì fẹ́ pa mí. Àwọn mẹ́ta yòókù! Àwọn tí a jọ ń yá àpótí òògùn! Gbogbo wa la ṣe ohun kan náà láìjẹ́ pé a jọ sọ ọ́. Ẹni tó ní òun ti yó, ta ló máa bu oúnjẹ fún un?

Nígbà tí àlejò lọ tán, Ọ̀gbẹ́ni Tìrìmísíyù ní kí kálukú gbẹ́nu ẹ̀ dákẹ́, pé ohun tó ti bàjẹ́ ti bàjẹ́. Mo wá Wàsílátù títí. Inú yàrá ẹ̀yìn ni mo ti bá a, ó jókòó sórí ọ̀kan nínú tẹ́bù márùn-ún náà, ó ń sunkún bí ọmọdé, ìwé Hàbíbàt ṣí sílẹ̀ lórí itan ẹ̀.

Ó ní, "Mo sọ pé ẹnì kankan ò ní fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Èmi náà ni mo wá fi wọ́n ṣe é. Ọmọ kan ṣoṣo ló sọ tẹnu ẹ̀, mo ká a bọ báàgì."

Mo ní, "Àwa náà wà níbẹ̀."

"Ọwọ́ ta ló ká a?"

Ó nu ojú ẹ̀, ó ní òun ń lọ bá Ayọ̀midọ̀tun nílé ẹ̀ ní Ìkòròdú lọ́jọ́ Sátidé. Mo sọ fún un pé wọ́n á fún un ní kúérì, pé ìgbéga tó ń retí lọ́dún náà á bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní tí mo bá fẹ́ tẹ̀ lé òun, kí n tẹ̀ lé òun, tí mi ò bá fẹ́, kí n yé da òun láàmú. Mo tẹ̀ lé e.

Inú ẹ́sítéètì kan ni àwọn Ayọ̀midọ̀tun ń gbé. Ayọ̀midọ̀tun gbé omi wá fún wa, ó rò pé a wá ṣọpẹ́ ni. Wàsílátù ò mu omi náà. Ó yọ ìwé náà jáde, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó sọ gbogbo ẹ̀, látorí àpótí òògùn. Kò dárúkọ èmi tàbí Ọ̀gbẹ́ni Tìrìmísíyù. Ó ń sọ pé "mo ṣe, mo kọ́ wọn, mo ká a." Ìgbà tó yá, ojú tì mí, mo ní, "A ṣe é ni, Ayọ̀midọ̀tun. Ẹ má dá òun nìkan lẹ́bi."

Ọmọbìnrin náà ka ìwé Hàbíbàt dé ìsàlẹ̀. Inú bí i, mo rí i. Ó ní, "Ẹ bà mí nínú jẹ́ o. Iṣẹ́ ọdún kan. Gbogbo apá Ẹ̀pẹ́ ni mo ní láti tún ṣe." Lẹ́yìn náà ó tún ibi tí ìyá kò ti lè ti òwú bọ abẹ́rẹ́ kà. Ó ní wọ́n ti gbé kọ̀ǹpútà wọlé, wọ́n ti so wọ́n mọ́lẹ̀, kò sí bí wọ́n ṣe máa tú u. Ohun tí òun lè ṣe ni pé òun á bá ọ̀gá ilé-ìwé náà sọ̀rọ̀ kí àwọn ọmọ wa lè máa wá lò ó ní Sátidé. Ó ṣe fọ́tòkọ́pì ìwé náà, ó dá ojúlówó ẹ̀ padà fún Wàsílátù.

Kúérì dé lóòótọ́, ìgbéga sì bọ́ lóòótọ́, fún ọdún méjì. Wàsílátù fi kúérì náà sínú báàgì pẹ̀lú bisikíìtì.

Oṣù keje ti wọlé kí wọ́n tó gbà wá láyè. Sátidé àkọ́kọ́, inú ọkọ̀ Ṣàmsúdéènì la wọ̀, èmi, Wàsílátù àti ọmọ mẹ́fà. Hàbíbàt wà nínú wọn. Nígbà tí a gúnlẹ̀ sí Èbúté Ìkòròdú, tí àwọn tó ń kó yanrìn ń pariwo, tí àwọn ẹlẹ́ja ń du ọ̀nà, ọmọ náà dúró, ó ń wo gbogbo ibẹ̀ yíká.

"Mà, ṣé ibi tí mo máa ń wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ rèé?"

Mi ò mọ̀ bóyá àwàdà ló ń ṣe. Wàsílátù fà á lọ́wọ́, ó ní, "Jẹ́ ká máa lọ."

Nínú yàrá kọ̀ǹpútà, ó jókòó, ó wo ibi títẹ̀ náà, ó ní, "Ó jọ ti páálí wa!" Inú ẹ̀ dùn débi pé ó ń rẹ́rìn-ín sí i. Ìka kan ló fi ń tẹ̀ ẹ́, kò sì wá lẹ́tà kankan tì. Wàsílátù bá a sọ ìbéèrè ẹ̀ di gẹ̀ẹ́sì. Ó pẹ́ kó tó ṣí, gbogbo wa ń wò ó. Nígbà tó ṣí, Wàsílátù kà á, ó ń túmọ̀ ẹ̀: pé kí ẹni tó ń yan ẹja má ṣe jókòó síbi tí afẹ́fẹ́ ń gbé èéfín lọ, kí ó máa fi omi tó mọ́ ṣan ojú, kí ó sì lọ rí dókítà ojú, torí nígbà mìíràn, bí ọjọ́ orí bá ti ń lọ, tí èèyàn ò rí ojú abẹ́rẹ́ mọ́, awò lásán ló nílò. Hàbíbàt ń kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀, ó ń fi ahọ́n há eyín bó ṣe ń kọ ọ́.

Ó kọ ọ́ tán, ó fi bírò sílẹ̀. Kò gbójú sókè.

"Mà, àwọn ọmọ kíláàsì wa ní torí tèmi ni kọ̀ǹpútà ò ṣe wá sí Ìdí-Àgbọn. Wọ́n ní èmi nìkan ni mo kọ rárá. Ṣé torí mo fèèlì lẹ ṣe yọ ìwé mi?"

Ẹ gbà mí. Láti oṣù karùn-ún! Gbogbo òwúrọ̀ tó fi ń nu tẹ́bù yẹn, ohun tó wà lọ́kàn ọmọ yìí nìyí, kò sì sí àgbà kan nínú wa tó béèrè lọ́wọ́ ẹ̀.

Wàsílátù kúnlẹ̀. Obìnrin ọmọ ogójì ọdún ó lé, ó kúnlẹ̀ síwájú ọmọ ọdún mẹ́wàá nínú ilé-ìwé onílé-ìwé. Mo fẹ́ fà á dìde, àmọ́ ọwọ́ mi ò lọ.

Ó ní, "Ìwọ nìkan lo pàásì, Hàbíbàt. Nínú gbogbo wa, tọmọdé tàgbà, ìwọ nìkan. Èmi ni mo fèèlì. Torí tèmi ni kò ṣe wá. Mo bẹ̀ ọ́."

Omi wà lójú ọmọ náà àmọ́ kò jẹ́ kó bọ́.

"Ṣé kí n sọ fún wọn bẹ́ẹ̀?"

"Sọ fún gbogbo wọn."

Hàbíbàt rò ó wò. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi kọ ọ́ sórí ìwé, kẹ́ ẹ sì lu òǹtẹ̀ sí i. Tí mo bá fẹnu sọ ọ́, wọn ò ní gbà mí gbọ́."

Wàsílátù ṣí báàgì, ó yọ ìwé ọmọ náà tó ti gbó lójú ibi tó ká a sí, ó wá bírò pupa. Ó kọ ọ́ sórí ẹ̀ níbẹ̀, lórí ìkúnlẹ̀ tó wà, ó buwọ́ lù ú. Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, Ọ̀gbẹ́ni Tìrìmísíyù kà á, ó fa dúrọ́ọ̀ ẹ̀, ó mú òǹtẹ̀ ilé-ìwé, ó sì lù ú.